Bàbá Ti Gbà, Ìyá Ò Tíì Gbọ́

Itillersuaq
Ọjọ́ kejì oṣù Ọ̀wẹwẹ̀, 1978

Enok ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Mo kí Birthe ìyàwó rẹ, mo kí ọmọ yín tí mi ò tíì fojú kàn. Ṣé ara yín le? Ṣé oúnjẹ ń wọlé lẹ́nu? Ara tèmi náà le. Eyín kan ṣoṣo ló ṣì ń bá mi jà lókè, ti ìsàlẹ̀ ti túúbá tipẹ́. Àwọn ará ilé kí ọ. Bibiane aládùúgbò wa kí ọ, ó ní kí n bi ọ́ bóyá o ṣì ń... Dúró ná. Fi ìkíni yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Enok, kí ló dé tó fi jẹ́ pé inú rédíò ni mo ti gbọ́ ohùn rẹ?

Mo jókòó jẹ́jẹ́ mi, mò ń ha ọ̀rá kúrò lára awọ séálì. Rédíò ń sọ tiẹ̀, mi ò dá a lóhùn. Wọ́n sọ bí afẹ́fẹ́ ṣe máa fẹ́ tán, ni ọkùnrin kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ òkè tó wà lẹ́yìn Itillersuaq abúlé wa níbí. Ó ní òjé ló kún inú ẹ̀, pé kọ́ńpìnì kan máa wá lu ihò sí i, pé àwọn ará ibẹ̀ á kó lọ sí ìlú, wọ́n á máa gbé ilé alájà, omi gbígbóná á máa ti ara ògiri jáde. Mo ní, ẹ wo òpùrọ́ yìí, ó tún lóhùn dídùn bíi ti ọmọ mi. Imiina ní, "Ìyá àgbà, Enok ni, wọ́n pe orúkọ ẹ̀." Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọlọ́run ló yọ ẹsẹ̀ mi.

Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni Bibiane ti wọlé. Ó ní òun wá yá abẹ́rẹ́. Ṣé torí abẹ́rẹ́ ni? Ó kàn fẹ́ wo bí ojú mi ṣe rí ni.

Ọ̀rọ̀ kejì. Nínú lẹ́tà tó o kọ kẹ́yìn, o ní "ẹ bá mi kí Imiina kékeré." Ta ni kékeré? Bàbá rẹ ni kékeré? Nígbà tí bàbá rẹ kú, tí Rakel àbúrò rẹ bí ọmọbìnrin yìí ní ìgbà ìrúwé yẹn, ta ló gbé e sọ́wọ́, tó fún un lórúkọ bàbá rẹ, tó ní "Bàbá ti dé"? Ṣé ìwọ kọ́? Ọkọ mi lèmi ń pè é títí dòní, bó ṣe ń kọ lẹ́tà yìí fún mi náà ni mo ń pè é bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń bá a wí nínú ilé yìí. Lánàá ó jẹ gbogbo ṣúgà tán, mo kàn ń wò ó. Ta ló fẹ́ bá òkú jà nítorí ṣúgà? Pe bàbá rẹ dáadáa, má jẹ̀ẹ́ kí Kòpẹnhágìn mú ẹ gbàgbé ara ilé.

Ọkọ̀ òkun tó kẹ́yìn ti ń fọn fèrè. Rakel ò bá a wá. Iṣẹ́ bíbó edé tó ń ṣe ní ìlú ò jẹ́ kó ráyè. Imiina ti dúró létí omi láti àárọ̀. Mo ní kó wá jẹun, ó ní òun ń wo ẹyẹ.

Dá mi lóhùn. Kí ni ò ń ṣe lẹ́nu àwọn tó fẹ́ lu òkè wa?

Èmi ìyá rẹ, Tabita.


Kòpẹnhágìn
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù Ọ̀wẹwẹ̀, 1978

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín tọkàntọkàn. Mo tọrọ àforíjì pé rédíò ló kọ́kọ́ sọ fún yín. Mo fẹ́ kọ̀wé sí yín kí wọ́n tó gbé e jáde, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni mò ń mú bébà tí n kò mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyá, ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti wà níbí. Láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, ohun tí àwọn òyìnbó ń bi mí kò ju bóyá mo ti rí béárì funfun rí. Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bi mí léèrè ohun tí mo mọ̀. Wọ́n ní kí n ṣe ògbufọ̀, kí n wà láàrin kọ́ńpìnì àtàwọn ará ilé. Tí mo bá kọ̀, wọ́n á mú ẹlòmíràn tí kò mọ ibi tí a sin àwọn òkú wa sí.

Ẹ̀yin náà ń gbọ́ ọ nínú rédíò pé a ó dìbò ìjọba ara-ẹni ní oṣù Ṣẹ́rẹ́. Nígbà tí àwa ọ̀dọ́ ilé wa ṣèpàdé níbí, òyìnbó àgbàlagbà kan dìde, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìjọba ara yín, kí lẹ ó máa fi bọ́ ọ?" Mo ti ń ronú sí i láti ìgbà náà. Ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ohùn rẹ̀ kì í jáde dáadáa. Òjé tó wà nínú òkè yẹn, òun ni yóò jẹ́ ká lè sọ̀rọ̀ sókè.

Mo sì fẹ́ wálé. Yàrá mi wà lókè téńté, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri. Birthe ò mọ ohun tí mò ń wò tí mo bá dúró níbẹ̀. Iṣẹ́ yìí nìkan ló lè gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín.

Ewé kejì yìí, ti Bàbá ni.

Ọmọ yín, Enok.


Bàbá mi Imiina,

Ẹ má bínú pé mo pè yín ní kékeré. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi láti máa fi ọ̀pá gún yìnyín wò kí n tó gbé ẹsẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ yìí ni mò ń gún wò lọ́dọ̀ yín báyìí. Kọ́ńpìnì fẹ́ kí n sọ lórúkọ ilé wa pé a gbà láti kó lọ sí ìlú. Wọ́n ní tí ilé wa bá gbà, àwọn yòókù á tẹ̀ lé e. Èmi ò lè sọ ọ́ láìjẹ́ pé ẹ̀yin sọ ọ́. Tí ẹ bá ní rárá, màá dá iṣẹ́ wọn padà fún wọn. Tí ẹ bá gbà, ẹ kọ ọ́ sí mi.

Enok ọmọ yín.


Itillersuaq
Ọjọ́ kẹwàá oṣù Bélú, 1978

Enok ọmọ mi,

Ẹ kú otútù, ẹ kú òkùnkùn. Oòrùn ti lọ, kò dágbére fún ẹnikẹ́ni, bí ó ti máa ń ṣe. Àwa rèé nínú ilé. O mọ ìgbà yìí: omi ò ṣeé tukọ̀ mọ́, yìnyín ò sì tíì ṣeé tẹ̀. Ọkọ̀ ajá ò lè jáde, ọkọ̀ ojú omi ò lè jáde. Ẹlikópítà wá lẹ́ẹ̀kan, ó yí lórí wa bí ẹyẹ tó gbàgbé ibi tó yé ẹyin sí, ó sì padà. Nígbà tó wá balẹ̀, lẹ́tà rẹ ló gbé wá, kò gbé kọfí. Gbogbo wa wá ń wo ara wa bí ẹja inú garawa. Bibiane ti sọ gbogbo ìtàn tó mọ̀ tán, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tèmi fún mi.

Imiina ka ewé àkọ́kọ́ fún mi. Mo gbọ́ ohun tó o wí nípa ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Òótọ́ wà níbẹ̀, mi ò ní purọ́. Àmọ́ ta ló sọ fún ẹ pé ọwọ́ ẹnì kan ni mo ti ń jẹun? Mathæus ọdẹ mú àbùùbùtán kékeré ní oṣù Ọ̀wàrà, gbogbo abúlé ló jẹ nínú awọ ẹ̀. Kọfí nìkan ni mò ń tọrọ lọ́wọ́ òyìnbó, kọfí ò sì pa ohùn mi. Bi Bibiane.

Tí o bá fẹ́ wálé, wálé. Ṣé ó di dandan kó o kó gbogbo abúlé kúrò kó o tó lè rí ọ̀nà ilé ni? Mo ti ń wo òkè yẹn láti kékeré. Tí kùrukùru bá bo orí ẹ̀, mo mọ̀ pé kí àwọn ọkùnrin má jáde. Òun ni rédíò tèmi. Ní ilé alájà, kí ni màá máa wò? Ẹ̀yìn ẹlòmíràn?

Ewé kejì ńkọ́, Imiina ká a, ó kì í bọ inú bàtà. Mo ní kí ló wí, ó ní ọ̀rọ̀ ọkùnrin sí ọkùnrin ni. Mo rẹ́rìn-ín títí eyín mi fi dùn mí. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe máa ń ṣe nígbà ayé ẹ̀, ìwọ àti òun. Tí mo bá ti dé ibi ọkọ̀, ẹ ó dákẹ́, ẹ ó máa wo okùn. Mi ò béèrè nígbà náà, mi ò ní béèrè báyìí. Mo ti sọ tèmi tán. Mo fi ìsàlẹ̀ ìwé sílẹ̀ fún un kó dá ọ lóhùn.

Èmi Tabita.

*Enok ọmọ mi, èmi Imiina bàbá rẹ ni. Mo ti ka ìwé rẹ. Mo gbà. Kí gbogbo ilé kó lọ sí ìlú. Ilé alájà náà ò jìnnà síbi tí Rakel ti ń bó edé, àbí? Kí yàrá tiwa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Sọ fún wọn pé èmi ni mo ní kí o sọ ọ́. Ẹ fi ṣúgà ránṣẹ́.*


Kòpẹnhágìn
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Ọ̀pẹ, 1978

Ìyá mi, àti Bàbá mi,

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ Kérésìmesì. Ṣúgà wà nínú àpótí tí mo fi ránṣẹ́.

Bàbá, ẹ ṣeun. Mo ka ọ̀rọ̀ yín lórí ìdúró, mo tún jókòó, mo tún kà á. Bí Ìyá ṣe sọ̀rọ̀ nínú ewé tiwọn, mo ti rò pé rárá ni ẹ ó wí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ni ilé, ẹ̀yin náà lẹ sì gbà. Ẹrù ńlá kúrò lórí mi. Mo lọ bá àwọn kọ́ńpìnì ní ọjọ́ kejì, mo sọ fún wọn pé bàbá mi ti fọwọ́ sí i. Wọn ò béèrè bàbá wo. Wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni yóò gbé wa wá, èmi, àwọn tó ń wọn ilẹ̀, àti irin tí wọ́n fi ń lu òkè.

Ìyá, mo mọ̀ pé kò dùn mọ́ yín. Ẹ dúró ti Bàbá. Tí ẹ bá rí omi gbígbóná yẹn, ẹ ó dárí jì mí.

Enok.


Itillersuaq
Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Ṣẹ́rẹ́, 1979

Enok ọmọ mi,

Ẹ kú ọdún tuntun. Lẹ́tà rẹ ò tíì dé láti ìgbà tí òkùnkùn ti mú. Afẹ́fẹ́ ò jẹ́ kí ẹlikópítà balẹ̀, àwọn lẹ́tà wà nínú àpò ní ìlú, àwa náà wà nínú àpò tiwa níbí. Mi ò lè dúró dè ọ́. Mo ní ìròyìn, ọdẹ kan tó ń kọjá lọ sí ìlú ló máa mú lẹ́tà yìí dání.

Mo dìbò lánàá. Èmi Tabita, tí mi ò mọ ìwé, tí ìyá mi kú fi àwọn àbúrò sílẹ̀ fún mi kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó ní kíláàsì. Nínú ilé ẹ̀kọ́ la ti ṣe é. Gerth olùkọ́ ìjọ wọ aṣọ funfun tó ń wọ̀ lọ́jọ́ Ìsìnmi, ó tan gbogbo fìtílà. Òyìnbó tó ń tọ́jú ṣọ́ọ̀bù jókòó ti àpótí, ojú ẹ̀ le bí ẹni tó ń ṣọ́ òkú. Wọ́n kà á fún mi: ibí yìí ni ti kí a máa ṣàkóso ara wa, ibí yìí ni ti kó rí bó ṣe wà. Mo ní ẹ fún mi ní lẹ́ẹ̀dì. Mo fà á gbòòrò débi pé Gerth ní, "Ìyá, ó tó, ẹ ó ya ìwé." Mo ní kí wọ́n rí i láti Kòpẹnhágìn ni.

Bibiane ń bi mí lẹ́nu ọ̀nà bóyá ó dá mi lójú pé ibi tó yẹ ni mo fà á sí. Mo ní bó bá jẹ́ ibi tí kò yẹ, ìwọ ni wàá gbé ìjọba náà.

Lónìí, rédíò sọ pé a borí. Gbogbo ilẹ̀ wa ni wọ́n kà pọ̀. Mathæus yìnbọn sókè, àwọn ajá bẹ̀rẹ̀ sí í hu, a mu kọfí tó kù. Mo sunkún díẹ̀, tayọ̀tayọ̀ ni. Mo ní bí mo ti rí yìí, wọ́n ti bi mí ní ọ̀rọ̀, mo sì ti dáhùn. Àwọn tìrẹ yẹn, sọ fún wọn pé òkè ò lọ ibì kankan, àwa náà ò lọ ibì kankan. Kí wọ́n wá bi wá báyìí tí a ti di ẹni à ń bi.

Imiina nìkan ni ò mu kọfí. Ó ní inú ń run òun.

Èmi ìyá rẹ.


Kòpẹnhágìn
Ọjọ́ kejìlá oṣù Èrèlé, 1979

Ìyá mi,

Lẹ́tà ìbò yín dé lónìí. Ẹ kọ ọ́ bí ẹni tí kò mọ̀. Ṣé Bàbá ò sọ fún yín? Ní oṣù Bélú ni wọ́n ti kọ̀wé sí mi, nísàlẹ̀ lẹ́tà yín gan-an, pé àwọn gbà ká kó. Mo ti sọ ọ́ fún kọ́ńpìnì. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde pé ilé Imiina ti fọwọ́ sí i. Wọ́n ti san owó ọkọ̀ tí yóò gbé irin wá.

Ìyá, mi ò mọ ẹni tí màá bi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kí omi tó là.

Enok.


Itillersuaq
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Ẹrẹ́nà, 1979

Enok ọmọ mi,

Mo kí ọ. Oòrùn ti padà dé, ó kan fèrèsé wa, mo rí gbogbo ìdọ̀tí tí òkùnkùn bò fún mi. Ara mi le. Eyín òkè yẹn ti lọ, ó kú ikú ọlá, lórí egungun ìhà séálì ló kú sí.

Àpò lẹ́tà dé. Mathæus ló fi ọkọ̀ ajá gbé e wá láti ìlú. Tìrẹ méjèèjì wà níbẹ̀ pọ̀. A jókòó, Bibiane wà níbẹ̀, mo ti bu kọfí. Imiina bẹ̀rẹ̀ sí í ka èyí àkọ́kọ́, ohùn ẹ̀ ń dún dáadáa. Ó dé ibi "Bàbá, ẹ ṣeun," ó dúró. Ó ní nǹkan wọ òun lójú. Mo ní yọ ọ́, kó o máa kà lọ. Ó kà lọ. Ohùn ẹ̀ ń kéré bọ̀ títí ó fi di bí ẹ̀fọn. Mo rẹ́rìn-ín, o mọ̀ mí, ẹ̀rín ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu. Àmọ́ ẹ̀rín náà ò pẹ́.

Kí kọfí Bibiane tó tutù, gbogbo abúlé ti gbọ́. Ì bá dára kí wọ́n wá bú mi. Wọn ò bú mi. Wọ́n ń wọlé jẹ́jẹ́, wọ́n ń kí Imiina bí wọ́n ṣe ń kí àgbà. Mathæus gbé ẹ̀dọ̀ séálì wá fún un, ó bi í bóyá kí òun bẹ̀rẹ̀ sí í tú pátákó tí òun ń sá ẹja sí. Ọkùnrin tó dàgbà tó yẹn, Enok, ó dúró níwájú ọmọ Rakel, ó ṣí fìlà. Torí kì í ṣe ọmọ Rakel ló rí. Imiina tí wọ́n jọ ń ṣọdẹ ló rí.

Wo ibi tó o fi mí sí. Bí mo bá ní eré ọmọdé ni, mo ti sọ pé eré ni orúkọ náà, pé ọkọ mi ò padà wá, pé láti ọjọ́ yìí ọmọdé lásán ni mò ń bu ìhà fún kí n tó bu tèmi. Bí mo bá ní ọ̀rọ̀ ọkọ mi ni, ká dìde ká palẹ̀ mọ́ nìyẹn. Ẹnu ọ̀nà méjì ni ilé náà ní, yìnyín sì ti dì mọ́ méjèèjì. Èmi tí mo fa ìlà gbòòrò yẹn nínú ilé ẹ̀kọ́, ta ni màá fa ìlà fún nínú ilé ara mi? Mi ò lè bá a wí. Mo kàn ń rọ́ nǹkan kiri inú ilé, mò ń gbé ìkòkò láti ibí lọ sí ibẹ̀. Imiina ò jẹun. Ó ń sùn ní ìdojúkọ ògiri.

Ni mo bá rántí bí bàbá rẹ ṣe rí. O rántí òyìnbó tó wá sọ fún wa pé ká máa gbin ọ̀dùnkún? Lórí àpáta! Bàbá rẹ gbọ́ gbogbo ẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó gba irúgbìn lọ́wọ́ ẹ̀, ó dúpẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó kó ajá, ó lọ ṣọdẹ. A se irúgbìn náà jẹ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọkàn bàbá rẹ kì í bi í níwájú àlejò. Ó máa ń se ọbẹ̀ fún un, ó máa ń dúró kó yó, ó wá máa ń gba ẹ̀gbẹ́ bi í. Iṣẹ́ tèmi nìyẹn láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ.

Nítorí náà mo se ọbẹ̀. Mo bu ìhà sí i. Mo pe Mathæus àti Bibiane kí wọ́n jókòó, torí àwọn ni wọ́n máa ru ọ̀rọ̀ kiri bó ti wù kó rí. Ó jẹ, nígbà tó yá ó jẹ dáadáa. Mo ní, "Baálé mi, ẹ ní ká kó. Ó dáa. Àwọn ajá ńkọ́?"

Ó wo ilẹ̀.

Mo ní, "Wọn kì í gbé ajá sí ilé alájà. Ṣé Mathæus ni yóò yìnbọn fún wọn, àbí ẹ̀yin fúnra yín?"

Ó ní, "Rakel." Ó tún ní, "Rakel," ó sì bú sẹ́kún. Enok, bàbá rẹ ò sunkún rí lójú mi. Ẹkún yẹn kì í ṣe tiẹ̀. Ọmọ tó dúró létí omi tó ní òun ń wo ẹyẹ ló ń sun ún. Ojú tì mí. Ẹni méjì ló wà nínú ara kékeré yẹn, ọ̀kan là ń bu oúnjẹ fún láti ọjọ́ yìí. Ìkejì fẹ́ ìyá ẹ̀, kò rí ẹnu tí yóò fi sọ ọ́, ó yá ẹnu onílé lò.

Mo nù ún lójú. Mo ní, "Tí Mathæus bá fi ọkọ̀ ajá gbé ọmọ Rakel lọ bá Rakel, tí ilé dúró síbí, tí àwọn ajá wà, tí òkè wà. Imiina baálé mi, kí lẹ wá sọ sí kọ́ńpìnì?"

Ó fa imú. Ó gbójú sókè, ó wo òkè láti ojú fèrèsé. Ó sì yínmú.

Enok, o mọ bí bàbá rẹ ṣe ń yínmú tí ọ̀rọ̀ ò bá wọlé sí i. Apá òsì ló máa ń kọ́kọ́ gbé. Apá òsì ló gbé. Bibiane rí i, ó dákẹ́, ẹ̀rí ńlá nìyẹn. Mathæus dé fìlà ẹ̀ padà, ó ní pátákó ẹja òun dúró níbi tó wà.

Nítorí náà, lọ sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ, kó o sọ fún wọn pé bàbá rẹ yínmú. Bí wọn ò bá mọ ohun tó jẹ́, ìwọ ni ògbufọ̀.

Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́. O ní wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde, wọ́n ti san owó ọkọ̀. O ti há sáàrin wọn bí èmi náà ṣe há síbí, àánú rẹ ń ṣe mí. Àmọ́ jẹ́ kí n bá ọ wí, torí ìwọ ni mo lè bá wí. O béèrè ọ̀rọ̀ ilé mi lórí ewé tí wọn ò ní kà fún mi. O mọ̀ pé mi ò mọ ìwé. O sé mi mọ́ ẹ̀yìn bébà. Mi ò kọ́ ọ nírú ẹ̀, bàbá rẹ náà ò kọ́ ọ, ọ̀dọ̀ wọn lo ti mú un. Àbí kí ni mo lọ fa ìlà sí nínú òkùnkùn oṣù Ṣẹ́rẹ́? Kí wọ́n máa bi wá ni, lójú wa, kí gbogbo wa gbọ́.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ tó o sọ, ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́ ẹlòmíràn, mo ṣì ń jẹ ẹ́ lẹ́nu, mi ò tíì gbé e mì, mi ò tíì tu ú. Bóyá ìwọ lo jàre. Wá síbí, kí o jókòó, ká jẹun, ká jà á tán. Bóyá àwọn ọ̀dọ́ á borí mi. Màá gbà tí wọ́n bá borí mi lójú mi.

Ọ̀la ni Imiina ń lọ. Yìnyín le, Mathæus ti di ẹrù. Inú bàtà ẹ̀ ni lẹ́tà yìí máa wà dé ìlú, Rakel á fi sínú àpótí. Mo ti rán ìbọ̀wọ́ tuntun fún un. Tó bá lọ tán, kò sẹ́ni tí yóò ka èsì rẹ fún mi. Wọ́n ti gbé Gerth lọ sí ibòmíràn, ilé ẹ̀kọ́ ti wà ní títì. Bibiane ní òun lè kàwé. Irọ́ ni, ó máa ń di ìwé orin sódì.

Nítorí náà, bí o bá kọ̀wé, ìwé náà á kàn wà lórí pákó ni. Màá máa wò ó. Nígbà tí ọkọ̀ àkọ́kọ́ bá dé, tí wọ́n bá ń já irin sílẹ̀, màá mọ̀. Tó bá jẹ́ ìwọ nìkan lo sọ̀kalẹ̀, màá mọ̀. Èyí tó wù kó jẹ́, iwájú ilé ni wàá bá mi, kọfí á wà lórí iná, fún ìwọ àti fún àwọn náà, mi ò lè mu ún lójú wọn kí n má fún wọn. Àmọ́ mi ò ní dìde.

Kí Birthe. Kí ọmọ rẹ. Orúkọ ta lẹ fún un gan-an? O ò sọ ọ́ fún mi rí.

Ó tó bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi, má jẹ́ kí omijé kán sórí ìwé, yóò bà á jẹ́. Fi lẹ́ẹ̀dì sílẹ̀. Wá jókòó síbí, súnmọ́ mi. Kà á fún mi láti òkè, gbogbo ẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Ilẹ̀ ọ̀la ò tíì mọ́.